Òkú Tó Di Okùn Òmùwẹ̀ Mú

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, irú ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Òkú ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ó sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá.

Alọ-múu-bọ̀ ló pẹjọ́, olórí àwọn òmùwẹ̀ tó ń wá òkú àti ọkọ̀ tó bá rì sódò. Ìyá ẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, iṣẹ́ ló sọ ọ́, torí kò wá ẹnikẹ́ni tì rí. Omi ẹrẹ̀ ni omi wọn, ojú ò wúlò níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dẹ́rẹ́bà kan já sódò, ọkọ̀ nìkan ló rí. Làwọn òmùwẹ̀ yòókù bá ṣèpàdé. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀gá ti kú, kó yéé wọ omi, kó máa jókòó sétí odò kó máa di okùn mú fún ẹlòmíì.

Ó dùn ún wọra. Kò lè jẹun, kò lè sùn. Nígbà tó yá, ó ní kóun lọ bẹ opó dẹ́rẹ́bà pé kó má bínú, òun ò rí ọkọ ẹ̀ gbé wá fún un. Ó kanlẹ̀kùn. Òkú ló ṣí i, ó ń fọ eyín lọ́wọ́.

"Kábíyèsí, ẹnu mi ti là kí n tó rí ojú ẹ̀. Mo ní, 'Ẹ kú ará fẹ́ra kù o.' Ó ní, 'Ẹ ṣeun, a ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín.'"

Ìjòyè kan tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà rọra sún àga ẹ̀ sẹ́yìn.

Dẹ́rẹ́bà ní òun ò kú, òun kàn lọ tọ̀ ni. Òun páàkì sétí odò, òun gbàgbé láti fa bíréèkì ọwọ́, kóun tó de ṣòkòtò, ọkọ̀ ti lọ wẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀gá òun sì ni. Ẹ̀rù ba òun, òun sá sínú igbó. Ìgbà tóun máa jáde, èrò ti kún etí odò, ìyàwó òun ń yí nílẹ̀. Òun bá fa fìlà bojú, òun dúró sẹ́yìn wọn.

"Kí ló dé tó ò sọ pé o wà láàyè?" Kábíyèsí bi í.

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní mo rẹwà, Kábíyèsí. Ó ní kò sọ́kọ tó dà bí mi. Látìgbà tá a ti fẹ́ra, 'gbẹ́sẹ̀ ẹ kúrò níbẹ̀' ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí mo mọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ táá ní kó dákẹ́?"

Ìjòyè méjì mi orí. Àwọn náà níyàwó nílé.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ì bá sàn. Wọ́n pe àna Alọ-múu-bọ̀, àbúrò ìyàwó ẹ̀, tó ń di okùn mú fún un. Lẹ́nu iṣẹ́ wọn, okùn ìdí òmùwẹ̀ ni ẹnu ẹ̀. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan, kí wọ́n fa òun sókè. Tí ẹni tó wà létí odò bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó wá a sí i. Ẹni tó ń di okùn mú ò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀, bí ìyá ẹ̀ tiẹ̀ ń pè é. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àna fẹ́ sinmi, ẹ̀yìn ló na okùn sí, kò wo ojú ẹni tó gbà á.

"Níbo lo lọ?" Kábíyèsí béèrè.

"Mo lọ mumi."

Wọ́n tún bi í. Ó ní òun lọ sùn díẹ̀, àmọ́ omi ló wà lọ́kàn òun.

"Ta ló wá gba okùn?"

"Òkú yìí náà ni, Kábíyèsí, ohùn ẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Mo sì kọ́ ọ ní bá a ṣe ń fà á."

Dẹ́rẹ́bà ní irọ́ ni. Òun rò pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń kí òun ni, òun náà sì ń kí i padà.

Alọ-múu-bọ̀ dìde. "Rọ́bà afẹ́fẹ́ wà lẹ́nu mi, mo há sínú ọkọ̀ tẹ́rẹ̀ kún. Mo fọwọ́ wá orí àga, mo fọwọ́ wá abẹ́ ẹ̀, mo ṣí búùtù. Mo fa okùn pé kò séèyàn, ó ní kí n wá a sí i. Mo tún wá a, ó tún dá mi padà. Òkú fúnra ẹ̀ ló ń sọ fún mi pé mi ò wá òun dáadáa!"

"Ìyàwó mi ò tíì parí ni," dẹ́rẹ́bà wí jẹ́jẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí ìwà mi."

Ẹ̀rín pa gbogbo ààfin. Alọ-múu-bọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ jáde fún àwọn òbí wọn, tí wọ́n wá ń pè lọ́wọ́ òkú.

Wọ́n pe ìyàwó dẹ́rẹ́bà. Kábíyèsí bi í bóyá òótọ́ ni gbogbo oríyìn tó ń sọ létí odò.

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkú ni mo ń kì, kì í ṣe eléyìí."

"Ṣé kì í ṣe ẹnì kan náà ni?"

"Rárá o. Òkú yẹn kì í sọ aṣọ sílẹ̀ káàkiri."

Kábíyèsí forí korí pẹ̀lú àwọn ìjòyè, ó sì dájọ́. Ó ní ọwọ́ Alọ-múu-bọ̀ ò kú, torí kò sọ́wọ́ tó lè rí ohun tí ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ò tíì parí, ó sì gbọ́dọ̀ parí lójú gbogbo èrò ọjọ́sí. Tílẹ̀ bá ti mọ́, dẹ́rẹ́bà máa wọ odò níbi tí kò jìn, á sùn sínú ẹrẹ̀. Alọ-múu-bọ̀ máa fọwọ́ wá a, á gbé e jáde, á tẹ́ ẹ sórí ẹní, á faṣọ bò ó. Ìyàwó máa wá wò ó, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún òkú gbogbo. Tó bá ti ní ọkọ òun ni, kó máa gbé e lọ sílé.

Dẹ́rẹ́bà na ọwọ́ sókè. "Tó bá ní òun ò mọ̀ mí ńkọ́, Kábíyèsí?"

"Kí wọ́n dá ẹ padà síbi tí wọ́n ti rí ẹ."

Ìgbà yẹn ni Alọ-múu-bọ̀ tó rẹ́rìn-ín látọjọ́ tí ọkọ̀ ti já sódò. Dẹ́rẹ́bà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó ẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ní kó dìde ńlẹ̀, òun ṣì ń rò ó.