Òjìji Mẹ́ta Lẹ́rẹ̀kẹ́ Màmá Àdúkẹ́

Bí mo bá tiẹ̀ gbàgbé ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán Màmá Àdúkẹ́ ní Boni kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ẹlòmíì í rò gbọ́dọ̀ lè ro tirẹ̀ náà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ irú èèyàn tí mo jẹ́. Òfin ni mo kọ́. Mi ò tíì di agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń pè mí ní Mẹ́ẹ̀tìrì, bí wọ́n ṣe ń pe agbẹjọ́rò lédè Faransé, kì í sì í ṣe fún iyì, nítorí ìwé ẹ̀sùn ni. Bí iná bá lọ, mo kọ̀wé. Bí oníbúrẹ́dì bá ta èyí tó jó nísàlẹ̀ fún mi, mo kọ̀wé, màá sì to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà: èkíní, ìkejì, ìkẹta. Ọlọ́kadà kan wà tó jẹ́ pé bó bá rí mi lókèèrè báyìí, ṣe ló máa ń ṣẹ́rí alùpùpù rẹ̀ gba ọ̀nà míì lọ.

Iṣẹ́ tí mo fi ń tu ara mi nínú lẹ́yìn ẹ̀sùn kíkọ ni àwòrán yíyà lórí tàbúlẹ́ẹ̀tì, irú àwòrán tí àwọn ará Japan máa ń yà, tí ẹyinjú ń tóbi tí irun ń rí ṣóńṣó. Àwòrán yìí ló kó bá mi.

Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Boni kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun, wọ́n sì fẹ́ gbé àwòrán Màmá Àdúkẹ́ kọ́ síwájú rẹ̀ lórí báàṣì ńlá, ọ̀rá tó nípọn tí wọ́n ń tẹ àwòrán sí, nítorí òun ló kó wọn jọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan àfi ti káàtì ìdánimọ̀, èyí tó kéré bí èékánná, tó sì ti ṣá. Tàntí mi, àbúrò ìyá mi, tó ń ṣe ọ̀gá ilé-ìwé níbẹ̀, ló sọ fún wọn pé ọmọ òun mọ àwòrán yà. Àwọn kan nínú wọn kùn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àwòrán tí àwọn ọmọdé ń wò lórí tẹlifísọ̀n. Tàntí mi dìde láàárín wọn, ó ní, "Bó bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ bi." Èèyàn tí kì í ṣe onígbèéraga ló fi ẹnu ara rẹ̀ dúró fún mi báyẹn.

Ó wá pè mí, ó ní kí n wá sí Boni kí n wo ojú Màmá dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo ti ní fọ́tò. Ó ní fọ́tò ò sọ̀rọ̀. Mo ní àwòrán náà ò níí sọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mi ò fẹ́ràn eruku ọ̀nà yẹn.

Ọ̀nà tí mo fi ń kun àwòrán nìyí. Èèyàn kì í rọra fi òjìji wọnú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń po ògì. Àwọ̀ kan pẹrẹsẹ fún ibi tí oòrùn dé, àwọ̀ kan tó dúdú jù ú lọ fún ibi tí kò dé, ó parí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní kálìkì tirẹ̀. Ẹ kàn rò ó bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí a tẹ́ léra wọn: ohun tí a fi pẹ́ẹ̀nì yà wà lókè, àwọ̀ wà nísàlẹ̀, òjìji wà láàárín. Ẹni tó ń kọ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo gbà gbọ́ ju gbogbo olùkọ́ tó kọ́ mi lójúkojú lọ, sọ pé etí òjìji gbọ́dọ̀ mú bí abẹ. Ó tún ní bó bá jẹ́ akọni la ń yà, ká gé òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó kí ojú lè lágbára. Mo gé e. Mẹ́ta, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, láti ẹ̀bá etí wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Mo sún mọ́ ọn, mo jìnnà sí i, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká ní mo máa ń kọ̀wé ìyìn ni, ara mi ni ǹ bá kọ ọ́ sí.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Alájì, ọmọ Ṣakí kan tó ti ń tẹ báàṣì ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbé e. Ó wá kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé kí n dákun, kí n tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Inú bí mi. Èmi tí mo lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn! Mo tẹ fóònù, mo fi ohùn dá a lóhùn, mo sì gbàgbé pé mo sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé pé. Gbogbo Boni jáde. Màmá Àdúkẹ́ jókòó níwájú, ó wé gèlè funfun, ó na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tí kò ní ìyọnu kankan. Wọ́n fa okùn, aṣọ já bọ́, báàṣì yọ.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mo ń wò ni àwòrán tí mo yà. Ohun tí wọ́n ń wò ni obìnrin àgbà tó kọlà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, tí èkejì sì dán. Ní ibòmíì, òjìji ni wọn ì bá pè é. Ní Boni, ohun tó mú bí abẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ èèyàn, orúkọ kan péré ló ní. Mo rí ọwọ́ Màmá tó gòkè lọ díẹ̀díẹ̀, tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, tó tún sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn mi béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Ìgbà wo ni wọ́n kọlà fún Màmá?" Ìyẹn dá a lóhùn pé, "Bóyá lánàá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tètè gbẹ."

Mo bojú wo Tàntí mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀rí ọkàn mi lanu fẹ́ sọ nǹkan kan, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo dìde, mo sọ fún gbogbo wọn pé Alájì ló ba iṣẹ́ mi jẹ́, pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló fi àwọn nǹkan yẹn kún un, àti pé màá gba ẹ̀tọ́ Màmá fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo kọ lẹ́tà. Ẹ̀sùn méje. Mo ní kí wọ́n tú báàṣì náà sílẹ̀, mo ká a, mo gbé e lé èjìká, mo gun alùpùpù elérò tí à ń pè ní sẹ́míjàn.

A ò tíì jáde ní Boni dáadáa tí atẹ́gùn fi tú okùn rẹ̀. Báàṣì náà fẹ̀ bí ìgbòkun, ó yí mi po, ó yí sẹ́míjàn po, alùpùpù sì wọnú igbó kaṣú lọ. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọlọ́kadà tó gbé mi yọ orí jáde lábẹ́ gèlè Màmá inú àwòrán, ó ní òun á gbé mi dé Ṣábẹ̀ẹ́ nítorí ọmọlúàbí ni òun, àmọ́ kí n ṣèlérí pé mi ò ní kọ̀wé ẹ̀sùn kankan nípa òun. Mo ṣèlérí. Báyìí ni a ṣe wọ̀lú, èmi, òun, àti ìdajì ojú ńlá kan tó ń gbọ̀n pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀ lẹ́yìn wa, tí àwọn èèyàn ń juwọ́ sí i.

Èèyàn mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Alájì. Ó dùn mọ́ mi pé ẹlẹ́rìí pọ̀. Mo tẹ́ báàṣì sílẹ̀, mo ka lẹ́tà mi sókè. Èkíní, pé ó ba ojú àgbà tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jẹ́. Ìkejì, pé ó fi ohun tí kò sí lójú rẹ̀ kún un. Mo ń kà á lọ. Ìkarùn-ún, pé inki rẹ̀ dúdú jù. Ìkẹfà, pé ó dójú ti ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ náà. Mo fa ìkeje gùn, nítorí òun ló dùn mọ́ mi lẹ́nu jù: pé ó ṣe iṣẹ́ lórí ẹni ẹlẹ́ni láì béèrè kó tó ṣe é.

Bí mo ti ń kà á ni mọ́tò kan dúró níta. Tàntí mi ló sọ̀ kalẹ̀, ó di Màmá Àdúkẹ́ lọ́wọ́ mú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé màá lọ jà.

Alájì kí Màmá, ó fún un ní àga. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi, ó ní, "Mẹ́ẹ̀tìrì, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ti kà á tán?" Mo ní mo ti kà á tán. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn mi ló jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ pé ohùn mi burú tó bẹ́ẹ̀. "Alájì, iṣẹ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tí mi ò mọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó tún yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kálìkì rẹ̀. Ó pa ẹyọ kan, òjìji mẹ́ta náà lọ. Ó tún un tàn, wọ́n padà. Orúkọ tí mo fún kálìkì náà hàn ketekete: Agbára Ojú. Ẹnì kan wúkọ́. Ikọ́ náà kì í ṣe ti àìsàn.

Màmá Àdúkẹ́ ò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, wá jókòó." Mo jókòó sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tí gbogbo Boni mọ̀, tí èmi tí mo kàwé nìkan ò mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọlà fún òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun, bàbá òun gbé òun kọ́ èjìká láfẹ̀mọ́júmọ́, ó fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Ofè, ó sì fi òun pamọ́ síbẹ̀ títí ọjọ́ fi kọjá. Nínú ọmọ méje, òun nìkan ni ojú òun dán.

Ó ní, "Bàbá mi gbé mi sá fún abẹ yẹn dé Ofè. Ìwọ wá bá mi lórí báàṣì."

Èmi! Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo dọ̀bálẹ̀ fún Alájì náà, ẹni tó ní àṣejù ti ń wọ̀ ọ́, kí n dìde lórí inki tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀. Aṣọ mi ti mu inki kó tó sọ ọ́.

Màmá fà mí jáde sínú oòrùn, ó ní kí n wo òun. Ọ̀sán gangan ni. Òjìji wà lábẹ́ etí gèlè rẹ̀, ó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, etí òjìji náà sì mú, olùkọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò parọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ni òjìji ò dé. Mo kun òjìji mi tuntun níbẹ̀, lórí òkúta níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí òun náà ń sọ fún mi pé imú òun kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Alájì tún un tẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ ní Boni lọ́jọ́ Ajé, Màmá ní kí wọ́n gbé àga wá, ó gun orí rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú báàṣì náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Tàntí mi gbójú sókè. Kò bá mi wí títí dòní, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Báàṣì àkọ́kọ́ ò ṣòfò. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n ń sá pákí lé e. Bí mo bá lọ kí Màmá, tí atẹ́gùn bá gbé etí rẹ̀ sókè, òjìji mẹ́ta mi a yọjú, a kí mi, a tún wọlé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò gùn. Kí n tó fi òjìji sójú ẹnikẹ́ni, màá kọ́kọ́ lọ wo ibi tí oòrùn rẹ̀ ti ń wá. Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, mo fa igi pa orúkọ Alájì, mo fi tèmi rọ́pò rẹ̀, mo sì tún un kà láti èkíní dé ìkeje bóyá màá rí ohun tí màá yí. Ó bá mi mu pátápátá, àfi ìkarùn-ún, ti inki. Mo dá ara mi láre lórí ìyẹn, mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì tún bo ojú mi.