Láyọnu Tó Ń Sẹ́ Ìròyìn Bí Ògì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ìròyìn ò tó àfojúbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri lásán ni. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n sọ fún yín.

Ní ìlú Òkè-Ìrosùn, àṣà kan wà láàfin: ẹni tó bá mú ìròyìn wá fún ọba, wọ́n á bu ẹmu fún un mu. Àṣà tó dáa ni, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwa èèyàn. Bí ewúrẹ́ kan bá kó sí kànga, odidi agbo ilé ni yóò tò lọ ròyìn rẹ̀, ọba á sì máa káàánú agbo ewúrẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹkùn kan ṣoṣo gba ọ̀nà oko kọjá, wọ́n ròyìn rẹ̀ títí agbè ẹmu fi gbẹ. Ọba ní ogun ẹkùn ti dé, ni gbogbo ìlú bá di ẹrù lé orí. Ẹkùn ọ̀hún ti ń sùn nínú igbó ní tirẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n àṣejù kan tó ń jẹ́ Láyọnu ló lọ bá ọba. "Kábíyèsí, bí àwọn obìnrin ṣe ń sẹ́ ògì ni kí ẹ jẹ́ kí n máa bá yín sẹ́ ìròyìn. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni ògì. Irú rẹ̀ tó bá tún dé lẹ́yìn ìyẹn, èèrí ni."

Inú ọba dùn. Láyọnu gbé àpótí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ ju ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ níwájú rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, á ní, "Èèrí ni!" Ẹni náà á gbé òǹgbẹ rẹ̀ padà sílé. Ẹmu ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nínú agbè, ọba sì kọ́ ilé tuntun fún Láyọnu. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì gbẹ́ ẹṣin sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ohun tí Láyọnu ní láyé wà nínú ilé yẹn.

Ìyàwó alágbẹ̀dẹ wá bímọ. Ìròyìn wọlé, ọba fi adìẹ ránṣẹ́. Kò pẹ́ ni ìyá alágbẹ̀dẹ tún sáré dé.

"Ó tún bí..."

"Èèrí ni! Ìyá kan náà, ọjọ́ kan náà."

Ìyá àgbà lọ gbé ìbejì méjèèjì wá. "Láyọnu, èwo nínú wọn ni èèrí?"

Láyọnu nàka sí Kẹ́hìndé. Ẹ gbà mí o! Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n! Ìyá àgbà wò ó lọ, wò ó bọ̀. "Ó dáa," ló wí. Ẹ má gbàgbé "ó dáa" yẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, iná sọ nílé ìdáná kan nísàlẹ̀ ìlú. Láyọnu jẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ wọlé, agogo ààfin dún, tọmọdé tàgbà gbé omi sáré lọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti gbé iná díẹ̀ fò, orí bẹẹrẹ Láyọnu ló sọ ọ́ sí.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sáré dé, gèlè ti já bọ́ lórí rẹ̀. "Iná..."

"Èèrí ni!"

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀."

"Bí mo bá jẹ́ kí ìyàwó mi parí tiẹ̀, kí ni kí n sọ fún ìyàwó ẹlòmíì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wò yíká bóyá àwọn èèyàn ń rí òdodo òun. Àwẹ̀ró ò bá a jiyàn mọ́. Ó padà sílé, ó fa àbọ̀ ilẹ̀kùn wá, ó jù ú síwájú rẹ̀. Ẹṣin ara rẹ̀ ti jó ku ìdí.

Láyọnu fò sókè, ó já wọ inú ààfin. "Kábíyèsí, iná!"

"A ti gbọ́," ni ọba wí, ó gbé ẹmu sẹ́nu. "Èèrí ni."

"Kábíyèsí, ilé..."

"Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti tó, Láyọnu. Ṣebí ìwọ lo kọ́ wa?"

Láyọnu ṣí fìlà, ó fi na ilẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ má wulẹ̀ gbọ́ ọ mọ́! Ẹ dìde, ẹ wá wò ó! Ìròyìn ò tó àfojúbà!"

Nígbà tí ọba máa fi yọjú, òrùlé ti wó lulẹ̀.

Ìyá alágbẹ̀dẹ ló gbà wọ́n sílé. Ó tẹ́ ẹní fún Àwẹ̀ró. Láyọnu na ọwọ́ kó gba tirẹ̀.

"Ẹní? A ti tẹ́ ẹ fún ilé yín," ni ìyá àgbà wí. "Tìrẹ, èèrí ni."

Mo rí ẹni tó ń yínmú níbẹ̀ yẹn. O ní irọ́ ni mò ń pa? Mi ò ní bá ọ jà. Òkè-Ìrosùn ò jìnnà, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbi tí ilé Láyọnu wà. Dìde, kó o lọ wò ó fúnra rẹ. Ìròyìn ò tó àfojúbà.