Ìwé Ọba Lórí Don Fadrique

Lọ́dún tí Fadrique Olaza dé ìlú Santa Brígida, àpò kan ló gbé wá, orúkọ méjì ló sì ń jẹ́. Lọ́dún kejì, ó di Don Fadrique de Olaza. Lọ́dún kẹta, ó di Don Fadrique de Olaza y Monteluna, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí Monteluna wà. Nígbà tó yá, orúkọ náà gùn débi pé bí olùkéde bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin tó ń ta tamálè, ẹ̀kọ àgbàdo tí a fi háhá wé, á ti tú háhá kúrò lára mẹ́ta fún oníbàárà kó tó pè é tán.

Òun ni ajẹ́lẹ̀ Ọba Sípéènì ní ìlú wa. Ọba ò rí i rí. Òun náà ò rí ọba rí. Ṣùgbọ́n àwòrán ọba wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó sì ti ní kí ayàwòrán fi imú tirẹ̀ sí i.

"Kí wọ́n lè rí i pé a jọra," ló wí.

Àwa náà fún un ní oríkì tiwa: Fẹnukò-Fi-Borí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Òkun ló wà láàárín àwa àti Sípéènì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ọba ń wá, bí ìjì ò bá gbé e mì. Àṣẹ tí ọba pa lórí ọ̀ràn kan lè dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹni tí ọ̀ràn kàn ti kú, tàbí tó ti fẹ́ ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́. Ọba náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àṣà fi gba ajẹ́lẹ̀ láyè pé bí àṣẹ kan ò bá ìlú mu, kó fi ọ̀wọ̀ gba ìwé náà, kó fẹnu kò ó, kó gbé e lé orí, kó wí pé, "Mo gbọ́ràn, ṣùgbọ́n n kò ní mú un ṣẹ," kó sì kọ̀wé padà láti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Don Fadrique sọ ọ́ di oko tó ń kórè.

Ọba ní kí ajẹ́lẹ̀ má ṣe ní oko ní agbègbè tó ń ṣàkóso. Ó fẹnu kò ó, ó fi borí. Ọba ní kí wọ́n má ṣe fi tipátipá kó àwọn ará abúlé lọ gé ìrèké. Ó fẹnu kò ó, ó fi borí. Ọba ní kí wọ́n tún afárá ṣe. Ó fẹnu kò ó, ó fi borí. Afárá wó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún mẹ́fà, orí ọkùnrin yìí ru ìwé ọba ju ìbaaka tó ń kó wọn bọ̀ láti èbúté Veracruz lọ.

Nísàlẹ̀ òkè ni abúlé Atzonco wà. Omi kan ṣoṣo ló ń dé ibẹ̀, láti ìsun orí òkè. Don Fadrique mọ ògiri òkúta dí i, ó kan pákó mọ́ ẹnu rẹ̀, ó darí omi sí ọlọ ìrèké rẹ̀. Àgbàdo Atzonco bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lórí ìdúró.

Juana Teicuh lọ bá a. Opó ni. Òun ló ń ṣe agbẹnusọ abúlé, torí pé àwọn ọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti wà lóko ìrèké.

"Ọlọ́lá, àgbàdo wa ń kú lọ."

"Ìyá, ẹ lọ gbàdúrà. Ọlọ́run ló ni òjò."

"Ọlọ́run ló ni òjò lóòótọ́, Ọlọ́lá. Ẹ̀yin lẹ kan pákó."

Ajẹ́lẹ̀ fi ẹ̀rín bo ìbínú. "Ó dáa. Ẹ kọ̀wé sí ọba."

Èébú ló fi ṣe. Juana ò mú un ní èébú. Ó ní kí akọ̀wé abúlé kọ ọ́ ní èdè wọn. Ìwé náà gun ìbaaka, ó wọ ọkọ̀, ó dúró lórí tábìlì, ó bọ́ sí orí tábìlì mìíràn. Lẹ́yìn ọdún méjì, èsì dé: kí ajẹ́lẹ̀ ṣí omi náà.

Ó fẹnu kò ó, ó fi borí.

"Ìyá Juana," ni Don Fadrique wí lójú gbogbo èèyàn, "ọba ti dá yín lóhùn. Èmi náà ti dá ọba lóhùn. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

"Omi ni, Ọlọ́lá."

Ó kọ òmíràn. Lọ́dún kẹrin tí omi ti dí, ìdajì ilé Atzonco ti ṣófo. Àwọn tó kù ṣèpinnu pé bí àgbàdo ọdún yẹn ò bá gbó, àwọn náà á kó ẹrù wọn lọ sí oko ìrèké, abúlé á sì parẹ́. Don Fadrique gbọ́ ìpinnu náà. Ó ní kí wọ́n fẹ ahéré àwọn òṣìṣẹ́ lójú sí i.

Àkókò yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ààfin. Ọdún mẹ́fà ni Don Fadrique ti ń fi ṣokoléètì ránṣẹ́ sí onítọ̀hún, kó lè bá a wá oyè Máákísì. Lẹ́tà náà kúrú: "Ìwé kan ń bọ̀ fún ọ, òǹtẹ̀ ńlá ló wà lára rẹ̀. Gbogbo ààfin ló ń sọ̀rọ̀ rẹ. Múra."

"Hipólita!" ló ké sí ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi láàfin!"

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Kí ni wọ́n lè sọ?"



Don Fadrique múra lóòótọ́. Ó ra ẹṣin funfun tí ìwé máa gùn. Ó rán ìbòrí ṣẹ́dà pupa olópòó mẹ́rin, ó sì gba ọkùnrin mẹ́rin láti gbé e láti àárọ̀ títí alẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹnu ko ìwé, kí wọ́n gbé e lé orí, kí wọ́n má mú un ṣẹ. Wọ́n lè fi ọgbọ́n rẹ̀ pa oyè rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìwé dé, ní gbàgede ìlú, lábẹ́ ìbòrí pupa, kó tó já òǹtẹ̀, ó pe Melchor Tovilla, akọ̀wé ìlú.

"Melchor, máa kọ ọ́. Pé èmi àti ìgbìmọ̀ gbọ́ràn sí ìwé yìí, a ó sì mú un ṣẹ lónìí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ò ní mú un ṣẹ, ọ̀tá ọba ni. Kí wọ́n tì í mọ́lé."

"Ká tó kà á, Ọlọ́lá?"

"Ká tó kà á ni! Àbí o ò gba ọba gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, Ọlọ́lá," ni Melchor wí, ó sì rẹ ìyẹ́ ìkọ̀wé rẹ̀ bọ inú tàdáwà.

Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fọwọ́ sí i bí ẹni tó ń gbé oògùn mì. Don Fadrique fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ gba ìdajì ojú ìwé.

Melchor já òǹtẹ̀. Ó kọ́kọ́ ka oyè ọba: Kásítílè, Léónì, Sísílì, Jerúsálẹ́mù, àwọn erékùṣù báyìí báyìí.

"Ṣé gbogbo ibẹ̀ yẹn ló ti dé?" ni obìnrin onítamálè bi ẹni tó dúró tì í.

"Bó ṣe dé ibí náà ni."

Melchor ń kà lọ. "'A ti gbọ́ láti ẹnu Juana Teicuh, ará Atzonco...'"

Don Fadrique mi orí. Máákísì ti Atzonco. Kò burú.

"'...pé Fadrique Olaza...'"

Orí dẹ́kun mímì.

"'...dí omi abúlé, ó sì fi àṣẹ wa ṣe fìlà. Láti ọjọ́ tí a bá ka ìwé yìí, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí omi náà kí oòrùn tó wọ̀. Kí ó má kúrò nílùú títí adájọ́ á fi dé láti Mẹ́síkò, tí yóò jókòó ní gbàgede fún ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ bá a rò.'"

Don Fadrique já ìwé gbà. Ó fẹnu kò ó. Ó gbé e lé orí. "Mo gbọ́ràn, ṣùgbọ́n n kò ní..."

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," ni Melchor wí, "ẹ má parí ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Àtìmọ́lé ni fún ẹni tó bá parí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́. Tàdáwà ò tíì gbẹ."

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an jáde: Doña Hipólita ló bú sẹ́rìn-ín, tó fi ìbọ̀wọ́ dí ẹnu, tí ìbọ̀wọ́ ò sì ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìlú dáhùn.

Wọ́n fi àáké lé e lọ́wọ́. Ó gun òkè náà nínú ṣẹ́dà àti bàtà onídìí gíga, gbogbo ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn agbébòrí mẹ́rin ń bá a lọ, ìbòrí pupa lórí rẹ̀, torí wọ́n ti gba owó títí alẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún wọn pé ó ti tó.

"Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á!" ni ẹnì kan ń pariwo. "Máákísì ni!"

"Ẹ gbé e sọ́tùn-ún, ẹ ò rí i pé etí rẹ̀ ń pọ́n!"

Ó ṣá àáké mọ́ pákó nígbà mọ́kànlá, mo kà á. Nígbà kejìlá, pákó ya. Omi ò dúró dìde kí i. Ó gbá a lẹ́sẹ̀, ó gbé irun àtọwọ́dá rẹ̀ ṣíwájú lọ sí Atzonco, ó sì gbé òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú yàrà, ẹrẹ̀ dé àyà.

Juana Teicuh ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, ó ń la ọ̀nà fún omi. Omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní tín-ń-rín, ó sì dúró. Ó tẹ̀ lé yàrà náà gòkè títí ó fi bá ọkùnrin náà níbi tó fẹ̀ jókòó sí.

Don Fadrique na ọwọ́ sí i, ó ń retí kó fà á dìde.

Juana fi ọkọ́ tilẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹ ṣì ń dí omi wa."

Ó sún.