Àpótí Méjì ti Sùúrù Alángbá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín tó lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí? Àwọn kan yóò ní òwe àtọjọ́mọ́jọ́ ni, pé àwọn baba ńlá wa ló kọ́kọ́ pa á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe lè wà nílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó máa dúró de ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi í pa. Ọ̀rọ̀ tí òwe yìí ń dúró dè, ìlú wa Òkè-Àpáta ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì ṣojú mi.

Nígbà tí àwa tí a ti ń hu ewú báyìí wà lọ́mọdé, kátúùnù kan wà tí ilé tẹlifíṣọ̀n ìlú wa máa ń fi hàn láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Sùúrù Alángbá lorúkọ rẹ̀. Sùúrù jẹ́ alángbá tí kò ní sùúrù rárá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọbẹ̀ kaná, yóò ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò. Bí wọ́n bá ní kó dúró de ọkọ̀, yóò ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, yóò sì ti gbàgbé ohun tó wá ṣe. Fìlà abetí-ajá ló máa ń dé, fìlà náà sì gbọ́n jù ú lọ. Bí Sùúrù bá ń purọ́, etí òsì fìlà náà yóò dìde. Bí wàhálà bá ń bọ̀, etí méjèèjì yóò nà ró ṣánṣán, gbogbo ọmọdé tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n yóò sì pariwo pé, "Etí ti dìde." Sùúrù nìkan ni kì í mọ̀, nítorí ẹni tó dé fìlà kì í rí fìlà orí ara rẹ̀.

Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé ló ń ya Sùúrù, òun náà ló sì ń fi ohùn tirẹ̀ sọ̀rọ̀ fún un. Orí ewé rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì ló máa ń yà á sí. Ara Sùúrù á wà lórí ewé kan, fìlà rẹ̀ á wà lórí òmíràn, bàbá náà á wá gbé ọ̀kan lé èkejì kó tó fi ẹ̀rọ yà wọ́n sí fíìmù. Ó ní etí fìlà máa ń gbéra ju orí lọ, kò sì yẹ kí ènìyàn máa tún odidi alángbá yà nítorí etí. Bàbá náà kì í sì í fi íńkì ṣòfò. Níwọ̀n ìgbà tí fìlà yóò sáà bo àtàrí mọ́lẹ̀, kò ya àtàrí fún Sùúrù rí. Òkè ojú gan-an ni orí rẹ̀ parí sí.

Nígbà tí bàbá náà kú, òjò ti ba gbogbo fíìmù tó wà ní ilé tẹlifíṣọ̀n jẹ́. Àpótí onírin méjì ló kù lórí àjà ilé rẹ̀. Ìyàwó méjì ló sì fi sáyé lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Adéòtí, olórí ẹbí, ló pín ogún. Ìdí-igi ni wọ́n ń pín ogún sí nílé wọn: iye ìyàwó ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye ọmọ. Bàbá Adéòtí wo àpótí méjì, ó wo opó méjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọlọ́run ti pín in kí n tó dé," ló wí. "Ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún."

Kò ṣí wọn. Kò sì sẹ́ni tó ní kó ṣí wọn.

Báyìí ni ara Sùúrù àti téèpù ohùn rẹ̀ ṣe bọ́ sọ́wọ́ Ìbídùn, àkọ́bí ìyálé, tí fìlà sì bọ́ sọ́wọ́ Gbóyèga, àkọ́bí ìyàwó kejì, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà. Ìbídùn ṣí àpótí tirẹ̀, kò rí fìlà kankan, ó ní àwọn ọmọ ìyàwó ti jí i. Ìyá Gbóyèga ṣí tirẹ̀, kò bá téèpù ohùn níbẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ìyálé ti gbé ohùn olóògbé pamọ́. Láti ọjọ́ náà, fún ogún ọdún gbáko, bí Ìbídùn àti Gbóyèga bá pàdé lójú ọ̀nà, oníkálukú á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń ka ẹyẹ.

Ní ọdún tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Dáìísí, ọ̀gá tuntun ní ilé tẹlifíṣọ̀n, ní òun fẹ́ dá Sùúrù padà. Orí ara rẹ̀ ni Ìbídùn fi ru àpótí náà débẹ̀. Ooru àjà ti ń ká àwọn ewé rọ́bà náà kò bíi èèpo ọsàn, ó sì mọ̀ pé wọn kò ní rí ọdún kan sí i. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ohùn bàbá òun tún jáde nínú tẹlifíṣọ̀n kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bàjẹ́ tán.

"Sátidé mẹ́ta ni mo lè fún yín, mà," Ọ̀gbẹ́ni Dáìísí wí. "Báwọn ènìyàn bá gbà á, a ó máa ṣe é lọ, a ó sì tún gbogbo ewé yìí yà kó má bàa bàjẹ́. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ ó gbé àpótí yín padà sílé."

"Kò sí fìlà níbẹ̀ o, ọ̀gá."

"Fìlà lásán," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ìlú dá páropáro. Músíbáù fọkanáísà, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, kọ̀ láti bu atẹ́gùn sí táyà ẹnikẹ́ni. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ síta, ogójì ènìyàn sì yí i ká. Aago márùn-ún lù. Ohùn Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé jáde, ó kí wa bó ṣe máa ń kí wa, mo sì rí àgbàlagbà ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ni Sùúrù fúnra rẹ̀ yọ. Ojú rẹ̀ nìyẹn, imú rẹ̀ nìyẹn, òkè ojú rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìkòkò tí kò ní ìdérí. A ń rí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyẹ kan fò wọ ibi tó yẹ kó jẹ́ iwájú orí rẹ̀, ó sì gba òdìkejì jáde láìfara pa.

Músíbáù fi etí aṣọ nu ojú tẹlifíṣọ̀n, orí kò sì yọ.

"Ta ló ṣí i lórí?" ni Músíbáù bi wá.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin fa ọrùn sókè. "Bàbá mi, ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

Ni àwọn ọmọ wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. Àwa tí a bí wọn ni à ń sunkún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó mọ́, gbogbo Òkè-Àpáta ti gbóná. Tíṣà Wúràọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kọ lẹ́tà olójú ewé mọ́kànlá sí ilé tẹlifíṣọ̀n, báírò pupa ló sì fi kọ ọ́. Onígbàjámọ̀ kan kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Kì í ṣe èmi ni mo gé orí Sùúrù." Ọkùnrin kan ní òun kò ní jẹun mọ́ títí fìlà yóò fi padà. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ náà fún ajá, kíá ni ọkọ yí ìpinnu padà.

Ẹ̀rù ba Ọ̀gbẹ́ni Dáìísí. Ní Sátidé kejì, ó ní kí wọ́n lẹ irun mọ́ Sùúrù. Wọ́n lẹ irun dúdú kan mọ́ ọn, tó ń dán, tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé alángbá kì í yé mi orí. Orí Sùúrù lọ sísàlẹ̀, irun dúró lókè. Orí tún gòkè, ó bá irun níbi tó fi í sí, wọ́n kí ara wọn, orí tún sọ̀ kalẹ̀.

"Alángbá wo ló nírun?" ni Tíṣà Wúràọlá ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín pé alángbá ò nírun. Ṣé mo wá di òpùrọ́?"

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Gbóyèga ta aṣọ funfun sínú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí, ilé tó ṣókùnkùn bíi inú àpò. Ó ti fi fóònù ya àwọn fìlà inú àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi ẹ̀rọ sinimá tàn wọ́n sára aṣọ. Gbogbo ènìyàn sáré lọ síbẹ̀. Fìlà náà yọ lóòótọ́, pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì, àwọn kan sì pàtẹ́wọ́. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohùn. Fìlà sáré kọjá. Fìlà gun igi. Fìlà dúró pẹ́ títí, etí òsì rẹ̀ dìde, a sì mọ̀ pé ó ń purọ́, ṣùgbọ́n a kò mọ irọ́ tó ń pa. Ìyá arúgbó kan dìde, ó ní òun kì í bá òkú wo sinimá, ó lọ sílé.

Bí ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan di Olórí, àwọn kan di Onífìlà.

"Ẹ̀yin tí orí yín ò kún," Onífìlà á wí.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kí aṣọ tí ẹ ò kí ẹni tó wọ̀ ọ́," Olórí á dáhùn.

Ó wá ku Sátidé kan ṣoṣo. Ìbídùn lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Adéòtí, ó ní kó bá òun gba àpótí fìlà. Bàbá náà mi orí.

"Ogún tí a bá ti pín kì í padà, Ìbídùn. Bí mo bá ní kí Gbóyèga gbé tirẹ̀ fún ọ, ayé á ní n kò mọ ogún pín."

"Bàbá, Sátidé yìí ló kù. Lẹ́yìn ẹ̀, ohùn àbúrò yín á padà sórí àjà."

Bàbá Adéòtí tún mi orí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. Músíbáù tó tẹ̀ lé Ìbídùn wá ló sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ní ohun tí mo rò. Kí ẹnikẹ́ni má gbé àpótí fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ sinimá méjì. Kí Olórí tan orí, kí Onífìlà tan fìlà. Ogún ò kúrò lọ́wọ́ olówó ẹ̀."

Bàbá Adéòtí ronú sí i títí, kò rí ibi tó ti ta ko ìdí-igi.

Ní Sátidé kẹta, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kún fọ́fọ́. A fi ẹní bo gbogbo fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Dáìísí gbé ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n wá láti ya ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà, nítorí náà Ìbídùn àti Gbóyèga ní láti fara kanra dúró, oníkálukú nídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Músíbáù ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n tan àwòrán papọ̀.

Fìlà bà lé ìrù Sùúrù.

Ìbídùn kò wo ẹ̀gbẹ́. "Músíbáù, sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó sún sápá ọ̀tún."

"Wọ́n ní kó o sún sápá ọ̀tún," Músíbáù wí.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n ń gbọn tábìlì," Gbóyèga dáhùn, ó sì sún. Ó sún jù. Fìlà kúrò lára aṣọ, ó bà lé Bàbá Adéòtí tó jókòó níwájú, ó sì bá orí rẹ̀ tó pá mu rẹ́gí. Gbọ̀ngàn hó yèè. Bàbá náà rò pé òun ni wọ́n ń yẹ́ sí, ó dìde, ó juwọ́ sí wa.

Wọ́n ń fà á báyìí nígbà tí Sùúrù lanu. "Èmi kọ́ ni mo jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn," ló wí, pẹ̀lú ohùn Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé, tó máa ń ha díẹ̀ níparí ọ̀rọ̀.

Ọwọ́ Gbóyèga dúró lórí ẹ̀rọ. Ogún ọdún ni kò ti gbọ́ ọ. Tẹlifíṣọ̀n ò sí nílé ìyá rẹ̀, kò sì fẹ́ lọ wo ti alájọgbé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Ìbídùn wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn, Gbóyèga. Gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó tó."

Gbóyèga gbé e sókè, Ìbídùn náà rọra fa tirẹ̀ wá síhìn-ín. Fìlà jókòó sórí Sùúrù bí ẹni tó dé ilé. Sùúrù tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, pé òun kọ́ lòun jẹ mọ́ínmọ́ín, etí òsì fìlà sì dìde lásìkò gan-an.

N kò lè ṣàpèjúwe ariwo tó sọ. Olórí dì mọ́ Onífìlà. Músíbáù gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ọmọ náà sì ń pariwo pé etí ti dìde, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Tíṣà Wúràọlá ní alángbá náà ti pé. Ọ̀gbẹ́ni Dáìísí, tó ní fìlà lásán, ń bẹ gbogbo ènìyàn kí wọ́n má fara kan tábìlì. Kí a tó tú ká, ó ti ṣèlérí níwájú ìlú pé kò sí Sátidé tí wọn kò ní fi Sùúrù hàn, pé ewé inú àpótí méjèèjì ni àwọn yóò tún yà, orúkọ Bàbá Ọ̀ṣúnkúnlé ni yóò sì kọ́kọ́ jáde. Ìbídùn àti Gbóyèga ṣì di ẹ̀rọ wọn mú, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti fi í sílẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ bàbá wọn tó ń purọ́ lórí mọ́ínmọ́ín.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n ní kí olórí ẹbí sọ̀rọ̀. Bàbá Adéòtí tún agbádá rẹ̀ ṣe lé èjìká.

"Ogún ọdún lẹ fi ń sọ pé n kò ṣí àpótí kí n tó pín in," ló wí. "Ká ní mo ṣí i, mo lè kó gbogbo ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ta ni ìbá wá ẹnì kejì rẹ̀ dé ibí lónìí? Ẹ yé bú mi. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí."

Irọ́ ni, kò mọ nǹkan kan. Gbogbo wa la wo orí rẹ̀, bóyá etí kan yóò dìde.