Bí Mo Ṣe Fi Okùn Ìwọ̀ Ṣàlàyé Bakitéríà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú hàn nílé àwọn àna mi l'Ẹ̀pẹ́, títí màá fi darúgbó, kò ní kúrò lọ́kàn mi. Láti àdúgbò Lasunwon ní Ìkòròdú tí mo ti gbéra ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Rófíà, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ti kìlọ̀ fún mi pé bàbá òun ti lé ọkùnrin kan padà nítorí pé kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe. Apẹja ni Bàbá. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ kó yéèyàn, olè ni.

Iṣẹ́ tèmi wá rèé: mò ń ṣèwádìí bí purotéènì ṣe ń dì mọ́ DNA nínú bakitéríà. Ẹ gbà mí.

Mo bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń to okùn ìwọ̀, okùn gígùn tí wọ́n so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́, tí wọ́n máa jù sínú ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sínú báàfù. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó jókòó tán, wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Kòkòrò bakitéríà ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, sà."

"Èyí tó ń fa àìsàn?"

"Àwọn mìíràn ń fà á, sà."

Ìyá Rófíà tó ń gbé omi bọ̀ fún mi dúró. Wọ́n rọra gbé omi náà kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n sì bi mí bóyá mo fọwọ́ kí n tó kúrò nílé. Mo wo Rófíà tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ilẹ̀ lòun ń wò. Ibẹ̀ lojú mi ti bọ́ sí báàfù yẹn, ọgbọ́n àgbọ́njù mi sì dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi okùn yìí ṣàlàyé." Kí wọ́n tó dáhùn, mo ti fà á jáde. Mo ní okùn kan bẹ́ẹ̀ wà nínú bakitéríà, DNA lorúkọ ẹ̀. Ó gùn ju bakitéríà fúnra ẹ̀ lọ fíìfíì, àwọn purotéènì ló ń bá a ká a kó lè gba inú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ka àwọn ìwọ̀ ara okùn sí jíìnì, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí bakitéríà mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wá di okùn náà mú. "Ọwọ́ mi ni purotéènì. Ìwọ̀ tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ mi ò lè mú ẹja. Àmọ́ irú purotéènì kan wà, tí ara bá gbóná, á tú ọwọ́, jíìnì á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Jíìnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóòótọ́. Bí mo ṣe ní kí n tú ọwọ́, ìwọ̀ kan ti há sí apá bùbá mi. Mo fà á, gbogbo èyí tí Bàbá ti ń tò bọ̀ tú jáde, ó lọ́ mọ́ra. Mo gbọnwọ́, ìwọ̀ mìíràn fò, ó kọ́ apá bùbá Bàbá. Tí mo bá sún sẹ́yìn, Bàbá á tẹ̀ lé mi. Àsìkò yẹn gan-an ni ládánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Alásárì.

Bàbá wo okùn, wọ́n wò mí. "O ní tí ara bá gbóná, á tú sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tèmi ti ń gbóná."

Ẹkún ló kù kí n sun. Mo gbà pé Rófíà ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ìyá mú àlùmọ́gàjí wá, wọ́n bèèrè apá bùbá ta ni kí àwọn gé. Mo sáré na tèmi. Wọ́n gé e dé ìgbọ̀nwọ́, Bàbá sì rọra yọ ìwọ̀ tó kọ́ tiwọn.

"Dìde, ká lọ kírun," ni Bàbá wí. Èmi, alápá bùbá kan, mò ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀ lọ́nà. Nígbà tí a dé mọ́sáláṣí, ọ̀rẹ́ wọn kan wò mí tìyanutìyanu, ó ní ta lèyí.

"Ọkọ Rófíà ni," ni Bàbá dá a lóhùn, wọ́n ń bọ́ bàtà. "Iṣẹ́ okùn ló ń ṣe, àmọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n."

Lẹ́yìn ìrun, a jọ tú okùn náà títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì la ẹnu mi sọ nǹkan kan nípa bakitéríà mọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé èèyàn kì í fi irinṣẹ́ àna ẹ̀ kọ́ àna ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. A ti ṣègbéyàwó báyìí, àmọ́ títí dòní, tí mo bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, kí Bàbá tó dá ìkíni mi lóhùn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé báàfù wọn wọlé. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì káwọ́ mi sẹ́yìn.