Ogún Ebè Láàárín "Either" àti "Or"

Bíìrò mẹ́ta ló máa ń wà ní àpò àyà Tíṣà Mikail. Ọ̀kan ló ń kọ. Kóòtù rẹ̀ dúdú, táì rẹ̀ pupa, ó sì ń wọ méjèèjì lọ sóko.

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì kan ní Mọ́níyà, tó ń gbé fáìlì láti yàrá kan lọ sí òmíràn. Nígbà tó padà sí Abà Olóbì, lẹ́yìn Lálúpọn, ó ní akọ̀wé lòun. Wọ́n bi í pé kí ló kọ. Ó ní ẹni tó bá ti ru ìwé tó bí òun ti ru ún, kò yẹ kí wọ́n tún máa bi í pé kí ló kọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lóríkì: Gírámà-ń-bọ̀-ẹ-yàgò. Àwọn àgbà abúlé fi tiwọn kún un lẹ́yìn rẹ̀: Òyìnbó abẹ́ àgbálùmọ̀, A-sọ-ìdajì-má-sọ-tán. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú. Ọmọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí àwọn ọmọ bá ti ti ilé ìwé dé, wọ́n á rékọjá odò lọ sí oko ẹ̀gẹ́ Tíṣà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ wọn ní gírámà Òyìnbó. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sì ń sọ ọ́.

"N kì í gba kọ́bọ̀," ló máa ń wí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ní ìdí ẹ̀rọ gàrí, níbi òkú, níbi ìsọmọlórúkọ. "Ìmọ̀ kì í ṣe iṣu tí à ń tà."

Òótọ́ ni. Kò tà á. Ebè ló fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Bó ti ń ṣe é nìyí. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ tò sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Tíṣà á tún táì rẹ̀ ṣe.

"Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Òyìnbó tó ń rìn ní méjì-méjì bí ìbejì," ni yóò wí. "Bí Táyé bá dé tí Kẹ́hìndé ò dé, gbólóhùn yẹn ti yarọ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, sà!"

"Ẹ mú ọkọ́ yín."

Ọmọ kọ̀ọ̀kan á lọ dúró sí orí poro tirẹ̀. Tíṣà á ké: "Either!" Wọ́n á gbè é: "Either!" Wọ́n á tẹ̀, wọ́n á máa ro ó lọ, ogún ebè gbáko. Ìparí poro ni Kẹ́hìndé wà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, tí ebè rẹ̀ sì mọ́, Tíṣà á sọ "or" fún un. Ẹni tí koríko bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ á padà, á tún un ro, pẹ̀lú ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Bí wọ́n ti ń rìn láti "neither" dé "nor" nìyẹn, àti láti "both" dé "and". Àmọ́ "not only" ni Tíṣà fẹ́ràn jù. "But also" rẹ̀ jìnnà.

Òjò mẹ́ta ló ti fi kọ́ ìbejì mẹ́rin yìí. Kò kánjú. Bí ọmọ kan bá ní, "Sà, a ti mọ èyí," á ní, "Ẹ̀yìn tí kò bá tẹ̀, gírámà kì í gùn ún." Nínú ọkàn rẹ̀ ló mọ ohun tó ń ṣe. Bí òun bá fún wọn ní Táyé àti Kẹ́hìndé lójú kan náà, kí ló tún kù tí yóò mú wọn dé ìparí poro?

Àwọn àgbà ò fura. Ọmọ kéwú ń bá aáfà rẹ̀ roko, àṣà ni. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ sí ohun ìyanu. Wọ́n rò pé àwọn ọmọ ń kàwé tán kí wọ́n tó bá a ro díẹ̀. Tíṣà sì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé gírámà tí a bá sọ nílé kó tó jinná, ńṣe ló ń sá lọ.

Mùjíbátù nìkan ló wá bá a. Ìyá àgbà Kifayah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Tíṣà ń kọ́, ni; ó ń yan gàrí ní Lálúpọn.

"Tíṣà, ọwọ́ ọmọ yìí bó. Kò lè fi mú òkèlè."

"Pẹ́ńsù ló fà á, Ìyá."

"Pẹ́ńsù?"

"Gírámà wúwo."

Mùjíbátù wo àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "A jẹ́ pé ogójì ọdún ni mo ti fi ń kọ gírámà lóko ọkọ mi, n ò sì mọ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ dé láti Ìbàdàn. Àlájà Hàjàrá, ọmọ abúlé náà tó fi ọdún márùndínlógójì ṣe olùkọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ní òun fẹ́ fi ọmọ kan sí sẹ́kọ́ńdìrì ní Ìbàdàn. Owó ilé ìwé, ìwé, aṣọ, oúnjẹ, ọdún mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ lọ́rùn òun. Òun fúnra òun ni yóò wá bi wọ́n ní gírámà ní gbangba, níwájú Baálẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ́ ọmọ tó yege, ọ̀kadà tuntun ni tirẹ̀.

Mùjíbátù gbọ́ "ọdún mẹ́fà", ó jókòó sílẹ̀. Kifayah ti parí pírámárì. Bí kò bá rí èyí, ìdí agbada gàrí ló kù fún un, títí ayé.

Tíṣà gbọ́ "ọ̀kadà". Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ó ní kí àtúnyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko làwọn ọmọ fi ṣe àtúnyẹ̀wò. Oko Tíṣà mọ́ bí iwájú orí rẹ̀, tó ti pá. Kò sí ọjọ́ kan tó ní kí wọ́n dúró lójú kan kí wọ́n sọ ọ́. Kò wá sí i lọ́kàn. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ wọn, ẹ̀yìn ọkọ́ ló ń wò. Kò wo ẹnu.

Ní Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n ta kánópì síwájú ilé Baálẹ̀ Èṣùgbàyí. Ọ̀kadà náà dúró níbẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Tíṣà ti yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti gùn ún wò lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó sọ ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé òun kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara òun.

"Àlájà, ẹ bi wọ́n ní èyí tó bá wù yín," ló fi parí rẹ̀. "Ohun tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu wọn, èmi ni. Ohun tí ẹ bá rí lára wọn, èmi ni."

Àlájà dìde, obìnrin kúkúrú, olóhùn jẹ́jẹ́. "Mahfuz, wá. Màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwọ ni kó o bá mi parí rẹ̀. Either..."

"Either!" ni Mahfuz gbè é. Ló bá tẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ohun tí ojú ò rí mú, ó ń fi ro ilẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá níwájú Baálẹ̀, ó kọjá lára àwọn ìyá, ewúrẹ́ kan yà fún un. Níbi ìṣísẹ̀ ogún, ó nàró, ó nu òógùn tí kò sí, ó yíjú padà.

"Or!"

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, ó rí i pé òun nìkan ni, ó jáwọ́.

"Ijó wo nìyí?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

Tíṣà fò dìde. "Pírákítíkà ni, Baálẹ̀. Ìlànà ìgbàlódé. Wọ́n ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù."

"Wọ́n ń roko ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí Àlájà máa bi wọ́n lọ."

Àlájà fún Ifálọlá ní "neither". Ifálọlá tẹ̀, ó ro ó lọ, ó dé òpin, ó ní "nor". Kò ṣì í. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ kóòtù Tíṣà. Bí ọmọ bá ṣì í, èèyàn á jágbe mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á tán. Ta ni yóò jágbe mọ́ ọmọ tó gbà á?

"Ó dáa," ni Àlájà wí. "Gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Not only..."

Ọmọ mọ́kànlá tẹ̀. Wọ́n ro ó kọjá kánópì, wọ́n ro ó kọjá ọ̀kadà, ó di ìṣísẹ̀ kẹrìnlélógún, orí wọn kan ògiri ilé Baálẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ẹ parí rẹ̀," ni Àlájà wí.

"Kò tíì tó, Ìyá," ni Mahfuz dáhùn láti ìdí ògiri. "Ó ku mẹ́fà."

"Mẹ́fà kí ni?"

"Ebè."

"Ebè ta ni?"

"Ti Tíṣà. Ogún ni either. Ogún ni neither. Both náà ogún. Not only ló jẹ́ ọgbọ̀n, torí pé ó gùn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, òun nìkan. "Ọmọdé! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé!"

Àlájà ò rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, whether ńkọ́? Ẹ ò tíì kọ́ wọn ní ìyẹn?"

Ojú Tíṣà wà lára ọ̀kadà. Ó fẹ́ dáhùn kíá, kí inú Àlájà lè dùn. "Whether? Ó ń bọ̀, Àlájà. A ò tíì kọ ebè tiẹ̀ ni."

Ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán ni òun náà gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí táì rẹ̀, ó tú u díẹ̀.

Fákọ́ládé, bàbá Ifálọlá, ló kọ́kọ́ dìde. "Òjò mẹ́ta ni koríko ti fi ń bo ẹ̀gẹ́ mi. Bí mo bá pe Ifálọlá kó wá bá mi ro ó, ẹ ó ní kí n má dí ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́."

"Ẹ̀kọ́ náà ni, Fákọ́ládé."

"Ẹ̀kọ́ wo? Ẹ̀kọ tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé sàn ju èyí lọ. Odindi ni wọ́n ń ta ìyẹn."

Ariwo sọ. Ìyá kan gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ṣí i, ó fi han ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn náà ń ṣí ti ọmọ tirẹ̀. Àlájà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí kan wá, ó sì pe Kifayah.

"Jókòó, ọmọ mi. Fọwọ́ méjèèjì di àpótí yẹn mú. Má tẹ̀. Má rìn. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́, láti inú orí tìẹ, tó ní either, tó sì ní or."

Mùjíbátù fa ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Tíṣà náà ń gbàdúrà. Bí ọmọ yìí bá gbà á, bóyá wọ́n á gbàgbé ebè, ọ̀kadà á sì ṣì jẹ́ tirẹ̀.

"Either," ni Kifayah wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ rìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Ó di àpótí mú títí ìka rẹ̀ fi funfun. Òógùn gidi bọ́ lójú rẹ̀. Àlájà ò ràn án lọ́wọ́. Ọmọ náà mí kanlẹ̀.

"Either Teacher will hold his own hoe, or grass will eat his farm."

Àlájà yíjú sí àwọn èèyàn. "Ó ní, yálà kí Tíṣà di ọkọ́ rẹ̀ mú fúnra rẹ̀, tàbí kí koríko jẹ oko rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan. Kifayah, lọ di ẹrù ẹ."

Wọ́n rò pé Mùjíbátù á bú sẹ́kún. Kò sunkún. Ó ń ronú.

"Àlájà, ẹ dúró ná. Yálà àti tàbí? Ṣé ohun tí wọ́n ń pè ní either àti or nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá."

"Yálà àti tàbí? Àná ni mo sọ fún obìnrin kan tó ń tú gàrí mi wò pé yálà kó rà á tàbí kó gbọ́wọ́ rẹ̀ kúrò. Kò sẹ́ni tó ní kí n ro ebè kan!"

Ẹ̀rín bú. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Àwọn tí kò tíì yé gan-an ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín àwọn tó yé.

"Èmi ló kọ́ ọ!" ni Tíṣà ń ké láàárín wọn. "Ẹ gbọ́ mi, èmi ló kọ́ ọ ní either!"

"Ẹ kọ́ ọ," ni Mùjíbátù wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ló san ti or."

Àlájà ju kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà sínú báàgì rẹ̀, ó fa sípù rẹ̀ pa. Àwọn ìyá lọ pe ọmọ wọn kúrò ní ìdí ògiri, níbi tí àwọn tó kù ṣì ti ń dúró de ebè mẹ́fà. Àwọn èèyàn ń lọ sílé ní méjì-méjì. Ní ọ̀nà odò, èèyàn ṣì ń gbọ́ ohùn wọn: ẹnì kan á ké "Yálà!" ẹlòmíràn á dáhùn "Tàbí!" ẹ̀rín á tún sọ.

Tíṣà jókòó sábẹ́ kánópì. Ó ń retí ẹni tí yóò wá tù ú nínú, nítorí pé ẹni tó tó òun, wọn kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ẹnì kan ń bọ̀. Fákọ́ládé ni. Tíṣà fa táì rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó jókòó dáadáa.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ dìde díẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ bá mi sọ?"

"N ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Àga wa lẹ jókòó lé."

Tíṣà dìde. Fákọ́ládé gbé àga rẹ̀ lérí, ó ń lọ.