Ewúrẹ́ Mọ̀, Oníwáyà Ò Mọ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tó mú àwọn ìjòyè fi etí aṣọ nu omijé ẹ̀rín. Oníwáyà ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹni tó ń tọ́jú wáyà oníná tó yí oko Ìyá Alágbàdo ká. Ọdún mẹ́wàá ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì gbà pé kò sí irú òun. Ìyá Alágbàdo ní òun fẹ́ lé e.

"Kábíyèsí, ewúrẹ́ ti jẹ ebè mẹ́rìnlá!" ni ìyá náà figbe ta. "Ó jẹ àgbàdo mi yó tán, ó tún fi wáyà họ ẹ̀yìn!"

"Oníwáyà, kí lo rí sọ?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kí adé pẹ́ lórí. Iná kún inú wáyà bámúbámú. Ewúrẹ́ yẹn ló ń fò. Ṣebí ẹyẹ ń bà lórí wáyà, tí iná kì í gbé e?"

"Ewúrẹ́ ń fò?"

"Fíò báyìí, Kábíyèsí."

Ojú ti Oníwáyà fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀.

Wọ́n pe mẹ́gáàdì oko.

"Iná wà níbẹ̀ o. Ojú mi ló ṣe gbé Oníwáyà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ké 'Yéè!', ó fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́ sínú koríko."

"Ẹ ò rí i!" Ọkàn Oníwáyà balẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n pe ìyàwó rẹ̀.

"Iná wo? Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sá aṣọ sórí wáyà yẹn. Ṣòkòtò tó wọ̀ wá síbí, orí ẹ̀ ló ti gbẹ."

Gbogbo ojú lọ sára ṣòkòtò.

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò lè parọ́ díẹ̀ fún ọkọ ẹ?"

"O ò sọ fún mi pé irọ́ la wá pa."

Kábíyèsí ní, "Kí ló wá gbé ọ lọ́jọ́ Ẹtì?"

Oníwáyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ó ti mọ́ mi lára ni. Nígbà tí igi wó já wáyà, mo yọ ẹnu rẹ̀ kúrò lára bátìrì tó ń fún un níná kí n lè so ó. Mo so ó, ó le dáadáa, mo wá gbàgbé láti dá ẹnu rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro abẹ́ rẹ̀, tí mo ń fà á le, tí mo sì ń sá fún un. Bí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì kàn án, ẹnu mi á ti ké kí n tó ronú. Ewúrẹ́ dán an wò. Èmi ọ̀gá ò dán an wò."

Ìjòyè kan ṣubú lórí àga. Kábíyèsí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ti ń gba ẹ̀yìn odò lọ sóko mi nítorí wáyà yẹn," ló wí. "A ò ní lé e. Yóò tún ebè mẹ́rìnlá náà gbìn. Láti òní lọ, ewúrẹ́ lọ̀gá, Oníwáyà lọmọ iṣẹ́. Láràárọ̀, kó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sínú oko lẹ́bàá wáyà, kí ewúrẹ́ wà níta. Bí oúnjẹ bá pé, wáyà dára. Bí kò bá pé, kó fi ebi ṣiṣẹ́, kó sì kí ọ̀gá rẹ̀ kú iṣẹ́."

Láàárọ̀ yìí, Oníwáyà dá ẹnu wáyà padà sára bátìrì, ó gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó wá na ìka kan sí wáyà kó lè dá a lójú.

"Yéè!"

Mẹ́gáàdì ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ló wí.

Fìlà wà nínú koríko, ọwọ́ ń ta á, Oníwáyà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jogún. Ewúrẹ́ wo abọ́, ó wo Oníwáyà, ó padà sẹ́yìn.